Mo fi ojú ara mi díwọ̀n dọ́là fàdákà mẹ́rin, mo sì ṣì í lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: kí ni àwọn adíwọ̀n rí tí èmi kò rí?

Ìṣọ̀lá kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìkówójọ, mo kí yín o. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidigidi.

Dọ́là fàdákà mẹ́rin ti Amẹ́ríkà, irú èyí tí a ń pè ní Morgan, ni mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adíwọ̀n kan kí wọ́n bá mi wo ipò tí wọ́n wà, kí wọ́n sì dì wọ́n sínú ike. Kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́, alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì wọ́n. Mo fi awò amúǹkantóbi yẹ̀ wọ́n wò tojú tẹ̀yìn, mo sì kọ ipò tí mo rò pé ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ èmi àti ti àwọn adíwọ̀n bára mu lórí rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ni 1881-S (lẹ́tà S dúró fún ilé ìtẹ̀wó San Francisco). Mo fún un ní MS65 (MS ni ti owó tí wọn kò ná rí, láti 60 dé 70), ṣùgbọ́n MS63 ni wọ́n fún un. Èkejì ni 1884-S, òun ni mo sì gbọ́kàn lé jù, nítorí gbogbo ẹni tó mọ Morgan ló mọ̀ pé nínú 3,200,000 tí wọ́n tẹ̀ ní San Francisco lọ́dún náà, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ná nínú ọjà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ṣẹ́ kù tí ọwọ́ ọjà kò kàn rí. Mo kọ MS61 síwájú rẹ̀, inú mi sì ti ń dùn ṣáájú àkókò. AU55 ló gbé bọ̀ (AU ni ti owó tí wọ́n ti ná díẹ̀). Ẹ̀kẹta ni 1879 láti Philadelphia, tó funfun báláú, tí mo fi sí MS64. Èyí ló dùn mí jù, nítorí pé wọn kò tilẹ̀ fún un ní nọ́ńbà kankan. "UNC Details, Cleaned" ni wọ́n kọ sórí ike rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òótọ́ ni pé wọn kò ná an rí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fọ̀ ọ́ tàbí kí ó ti nù ún. Ẹ̀kẹrin ló wá rú mi lójú pátápátá. Ó jẹ́ 1891-O (O dúró fún New Orleans); irun tó wà lókè etí obìnrin inú àwòrán náà tẹ́ pẹrẹsẹ, àyà ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní ìyẹ́ kankan tó hàn. Mo gbà pé ó ti jẹ, mo fún un ní AU55, wọ́n sì fún un ní MS62.

Ká ní gbogbo wọn ni mo gbé ga ju bó ti yẹ lọ ni, ǹ bá gbà pé ojúkòkòrò ló ṣe mí, ǹ bá sì ti kọ́ láti máa dín ipò méjì kù nínú ohunkóhun tí mo bá rò. Ṣùgbọ́n mo gbé mẹ́ta ga, mo sì rẹ ọ̀kan sílẹ̀, èyí fi hàn mí pé ohun tí mò ń wò lára owó gan-an ni kì í ṣe ohun tó yẹ kí n máa wò. N kò bá àwọn adíwọ̀n jà rárá. Mo kàn fẹ́ kí ojú mi là ni. Bí ó bá ṣe pàtàkì láti mọ̀, abẹ́ gílóòbù gígùn funfun tó wà ní àjà yàrá mi ni mo ti wò wọ́n, awò tí mo sì lò ń sọ nǹkan di ìlọ́po 20.

Baba Olóǹtẹ̀ dáhùn pé:

Ìṣọ̀lá, o ṣeun tí o kọ èrò rẹ sílẹ̀ kí o tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ ọ́; bí owó bá ti padà dé, wọ́n á ní àwọn kúkú ti fura bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ní rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Ìwọ ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, àwa náà sì rí ohun tí a lè fà yọ nínú rẹ̀.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ìbéèrè rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Gílóòbù gígùn a máa tú ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ yẹn á sì bo gbogbo ojú owó bákan náà, tó fi jẹ́ pé owó tí dídán rẹ̀ ṣì pé àti èyí tí dídán rẹ̀ ti lọ á jọ ara wọn bí ìbejì. Pa á. Jẹ́ kí yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀, kí o tan iná orí tábìlì kan ṣoṣo, kí ìmọ́lẹ̀ náà lè máa ti ojú kan wá. Fi ìka méjì mú owó náà ní etí, má ṣe jẹ́ kí ìka kan ojú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná náà. Bí ó bá jẹ́ fàdákà tí wọn kò ná rí, wàá rí ìtànṣán méjì tó kọjú sí ara wọn, tó fẹ̀ ní etí, tó sì ṣóró ní àárín, tí wọ́n á máa yí tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ bí wáyà inú àgbá kẹ̀kẹ́.

Ó yẹ kí o mọ ibi tí ìtànṣán yẹn ti wá, nítorí pé òye rẹ̀ ló máa yanjú mẹ́ta nínú owó mẹ́rin rẹ. Nígbà tí òǹtẹ̀ ojú àti òǹtẹ̀ ẹ̀yìn bá fún irin pẹlẹbẹ náà pọ̀, fàdákà a máa sá láti àárín lọ sí etí, bí ìyẹ̀fun pípò ṣe máa ń tẹ́ lọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìṣàn yẹn ló ń fi àwọn ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lójú owó, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè kà wọ́n, àwọn ìlà yìí ni ìmọ́lẹ̀ sì ń gùn káàkiri. Èmi a máa pè é ní dídán àbínibí, nítorí pé ilé ìtẹ̀wó nìkan ló lè fi í sára owó, bó bá sì ti lọ, kò sí ọwọ́ ẹ̀dá tó lè dá a padà.

Wàyí o, gbé 1884-S rẹ. Bí wọ́n bá ná owó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, orí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ń jẹ, kí irun tàbí ìyẹ́ inú àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ rárá. Ìwọ wo irun, o rí i pé gbogbo fọ́nrán rẹ̀ ṣì pé, o ní wọn kò ná an. Ìrísí àwòrán lo fi ṣe ìdájọ́, dídán ló sì yẹ kí o fi ṣe é. Yí i lábẹ́ iná bí mo ṣe wí, kí o wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, irun òkè etí àti èyí tó wà lókè ojú, kí o sì wo ibi pẹrẹsẹ tó wà níwájú ojú obìnrin náà. Bí ìtànṣán bá ń bọ̀ geere, tó dé orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú, tó sì tún jí nígbà tó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, irin ti jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Àwọ̀ ibẹ̀ náà á yàtọ̀, á ṣe bí eérú díẹ̀. Bí ó bá wá tún kú ní ibi pẹrẹsẹ, tí ọwọ́ kì í tètè dé tó ibi tó yọ sókè, wọ́n ti ná an dáadáa, AU55 sì bá a mu.

1891-O rẹ ni òdìkejì ọ̀rọ̀ náà gan-an. Irun òkè etí ní iwájú àti àyà idì ní ẹ̀yìn kọjú sí ara wọn, wọ́n sì wà lára ibi tó jìn jù nínú òǹtẹ̀ méjèèjì. Fàdákà ní láti kún ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbára ẹ̀rọ bá dín díẹ̀, tàbí tí òǹtẹ̀ méjèèjì bá jìnnà síra wọn ju bó ti yẹ lọ, irin kò ní kún ibẹ̀, owó náà yóò sì jáde ní títẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àwọn dọ́là New Orleans ni a mọ̀ mọ àléébù yìí jù lọ, 1891-O sì wà lára àwọn tó burú jù nínú wọn. Ìyẹn kì í ṣe jíjẹ. Bí o bá fi iná kan ṣoṣo wò ó, wàá rí i pé ibi tó tẹ́ náà ṣì ń dán, wàá sì máa rí àwọn àpá kéékèèké níbẹ̀ tó ti wà lára irin náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé òǹtẹ̀ kò kàn wọ́n débi tí yóò fi pa wọ́n rẹ́. Ibi tó jẹ kì í ní irú àpá bẹ́ẹ̀. A máa jọ̀lọ̀, a sì máa kú.

Ohun kan náà ló ṣi ọ́ lọ́nà lórí owó méjèèjì. O rí irun tó pé, o ní wọn kò ná an. O rí irun tó tẹ́, o ní wọ́n ti ná an. Ó yẹ kí o tọ́jú ìwé rẹ yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ dáhùn pé:

Ẹ kú àlàyé, Baba. Ìṣọ̀lá, ẹ jẹ́ kí n mú 1879 yín, nítorí pé irú ìyà yẹn ti jẹ mí rí, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní dọ́là fàdákà kan tí ojú rẹ̀ ti dúdú díẹ̀ ní etí, tí àwọ̀ pupa rúsúrúsú sì bo àárín rẹ̀. Mo ro ó lọ́kàn mi pé bí ó bá mọ́ ni yóò níyì. Mo rì í bọ inú oògùn tí wọ́n fi ń fọ fàdákà, mo fi omi ṣàn án, mo sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ. Ó wá funfun bí ẹyin. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí ti yín ni wọ́n kọ sórí tèmi, mo sì sunkún. Owó yẹn ti là á já fún ohun tó lé ní 100 ọdún láìsí ẹni tó bà á jẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo sì fi bà á jẹ́.

Ohun tí mo kọ́ nípa rẹ̀ rèé. Oògùn yẹn ní ásíìdì nínú, ásíìdì náà kì í mú ìdọ̀tí nìkan lọ, ó ń mú díẹ̀ nínú ojú fàdákà pẹ̀lú, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí Baba sọ sì wà nínú ohun tó ń bá a lọ. Bí wọ́n bá rì í bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí wọ́n sì ṣàn án dáadáa, ó lè má hàn. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, tàbí tí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, owó náà á funfun, ṣùgbọ́n kò ní dán. Funfun àti dídán kì í ṣe nǹkan kan náà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù tí mo máa kọ lọ. Bébà náà funfun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìtànṣán tó ń yí lójú rẹ̀.

Aṣọ ló tún wá dá kún un. Bó ti wù kí aṣọ rọ̀ tó, eruku tó wà lára rẹ̀ tàbí lára owó a máa ha fàdákà. Ẹ gbé 1879 yín sábẹ́ iná kan ṣoṣo, kí ẹ máa fì í sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà tí ẹ máa fì í dé, tí ọ̀pọ̀ ìlà tín-ín-rín bí irun á kàn ṣàdédé yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n to ara wọn síbi kan náà, bí ẹ bá sì fì í kọjá díẹ̀, wọ́n á parẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwọn lẹ́tà àti àwọn ìràwọ̀ dáadáa. Aṣọ kì í wọ inú kọ̀rọ̀ tó wà níbi tí lẹ́tà ti pàdé ibi pẹrẹsẹ, nítorí náà àwọn ìlà náà á dúró ní ìwọ̀nba kí wọ́n tó kan ìdí lẹ́tà, ẹ óò sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ ibi tí àwọ̀ àtijọ́ ṣì wà. Ibẹ̀ ni àwọn adíwọ̀n ń wò.

Kí ẹ má baà ṣì í pè o: àwọn ìlà kan wà tó jẹ́ pé lára òǹtẹ̀ ni wọ́n ti wá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wó bá dán òǹtẹ̀ náà. Ìwọ̀nyí yọ sókè, wọn kò jìn sínú irin, wọ́n sì ń dúró síbi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í gun orí rẹ̀. Ìlà aṣọ a máa jìn wọnú irin, ó sì lè la ibi pẹrẹsẹ kọjá kó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Èyí tó ti ilé ìtẹ̀wó wá kì í ṣe àbùkù ìfọ̀.

Bí ẹ bá sì ní owó tí òróró tàbí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wà lára rẹ̀, irú èyí tó máa ń ti ara ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi PVC ṣe wá, asetónù tó mọ́ gaara ni kí ẹ fi sí i nínú àwo gíláàsì, níbi tí afẹ́fẹ́ wà tí kò sì sí iná. Asetónù kì í jẹ fàdákà. Ẹ má ṣe nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ju ìyẹn lọ, ẹ má ṣe ṣe nǹkan kan sí owó yín láéláé.

Àkànní dáhùn pé:

Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fi 1881-S sílẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti mẹ́ta yòókù.

Ìṣọ̀lá, lórí 1884-S, 1879 àti 1891-O, ẹ ṣi nǹkan pè ni. Wọ́n ná an tàbí wọn kò ná an. Wọ́n nù ún tàbí wọn kò nù ún. Ní ti 1881-S, gbogbo yín gbà pé wọn kò ná an rí, ohun tó kù ni bí àpá ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti ibi tí àpá náà wà. Láti MS60 títí dé 70, ipò 11 ló wà níbẹ̀ fún owó tí wọn kò ná rí nìkan, ojú tí adíwọ̀n fi wò ó lọ́jọ́ náà sì ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀. Òǹkà 1 sí 70 yìí fúnra rẹ̀, William Sheldon ló gbé e kalẹ̀ ní 1949 fún àwọn sẹ́ǹtì bàbà ńláńlá àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, tó sì fẹ́ kí nọ́ńbà náà máa sọ iye tí owó kan tó sí èkejì lọ́jà. Ohun tí wọ́n fi wọn iye ọjà ni a ń fi wọn ipò lónìí, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fi MS65 dù MS64 rántí rẹ̀.

Síbẹ̀, ìdí wà tí tiyín fi jẹ́ 63. Àwọn dọ́là yìí, ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń dì sínú àpò aṣọ kan. Dọ́là kan wọn gíráàmù 26.73, nítorí náà àpò kan lé ní kílò 26, wọ́n sì ń gbé e jù sílẹ̀, wọ́n ń tò ó léra nínú yàrá ìṣúra fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí èyí tó pọ̀ nínú wọn tó jáde sọ́wọ́ aráàlú láàárín 1962 sí 1964. Nínú àpò yẹn, owó ń lu owó. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yín dáadáa: bí ẹ bá rí ìlà kúkúrú mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tò léra bí eyín ìyarun, etí owó mìíràn, tó ní ẹsẹẹsẹ gígé, ló gún un níbẹ̀.

Ibi tí àpá wà ló ń ṣe pàtàkì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin Morgan fẹ̀, ó jọ̀lọ̀, kò sí irun tàbí ewé tó lè bo àpá níbẹ̀ mọ́lẹ̀, òun sì ni ojú ẹni kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Àpá kan ṣoṣo níbẹ̀ lè já owó sílẹ̀ ju àpá márùn-ún tó fara pamọ́ sínú ìyẹ́ idì lọ. 1881-S tilẹ̀ tún ṣòro jù, nítorí pé àwọn dọ́là San Francisco ìgbà náà wà lára èyí tí wọ́n tẹ̀ dáadáa jù, tí wọ́n sì dán jù, ó sì pọ̀ ní ipò gíga. Ẹni tó ń wò ó ti rí èyí tó dára lọ́pọ̀lọpọ̀, títẹ̀ dáadáa nìkan kò ní ràn án.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín wí lé lórí ni awò ìlọ́po 20 yẹn. Awò ìlọ́po 5 ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe MS70 pàápàá, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ní àbùkù kankan. Bí ẹ bá gbé ìlọ́po 20 sójú, ẹ̀yà owó ni ẹ ń rí, ẹ kò rí owó. Ẹ lè rí eyín ìyarun yẹn kí ẹ sì kà á sí nǹkan kékeré, nítorí pé lábẹ́ awò yẹn gbogbo nǹkan ló ní àpá. Ẹ kọ́kọ́ mú un jìnnà díẹ̀ sí ojú yín, kí ẹ fi ojú lásán wò ó. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ rí ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ adíwọ̀n bíi PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti NGC ní 1987, ẹni tó ń tà ló sábà máa ń díwọ̀n ohun tó ń tà, ẹni tó ń rà á sì máa díwọ̀n tirẹ̀ sísàlẹ̀. Ìdí tí ẹlòmíràn fi ń bá wa wò ó nìyẹn, kì í ṣe ìtìjú pé ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ sí tiyín.

Lórí 1884-S, bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá yọ ọ́ kúrò nínú ike, màá sì tún fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú ènìyàn ni, ó lè bọ́ sí 58.

Baba Olóǹtẹ̀ dáhùn pé:

Àkànní, lórí 1881-S, mo gbà pẹ̀lú rẹ pátápátá, àlàyé rẹ sì dára ju èyí tí èmi ì bá ṣe lọ. Lórí 1884-S, n kò gbà. Bí ó bá bọ́ sí 58 náà, AU ni, kò sí ohun tí ìyẹn yí padà nínú ohun tí Ìṣọ̀lá béèrè, owó ìdíwọ̀n á sì tún jáde lápò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún tó wà lára owó yẹn ló ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ká ní 1881 ni wọ́n kọ sí i lára, tí ohun gbogbo tó kù sì rí bákan náà, Ìṣọ̀lá kò ní pè é ní MS61, yóò rí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti ṣe é rí, lórí ọdún yìí kan náà.

Láti ìgbà náà, mo ní ìwé pélébé kan tí mo fi ń bo ọdún àti lẹ́tà ilé ìtẹ̀wó nígbà tí mo bá ń wo owó. Lórí Morgan, ọdún wà nísàlẹ̀ ọrùn, lẹ́tà sì wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ ọ̀ṣọ́ ewé. Mo máa kọ ipò sílẹ̀ kí n tó ṣí i.

Ìṣọ̀lá kọ pé:

Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ ṣeun, Àbẹ̀kẹ́ àti Àkànní. Mo lo gbogbo alẹ́ àná lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún yín.

Mo pa gílóòbù àjà, mo tan iná orí tábìlì kan ṣoṣo, mo sì mú awò ìlọ́po 20 kúrò lórí tábìlì kí ó má baà wù mí gbé. Inú ike ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ike náà mọ́ débi tí kò dí mi lọ́wọ́. 1891-O ni mo kọ́kọ́ gbé. Ìtànṣán méjèèjì yọ, wọ́n ń yí, wọ́n sì gun orí irun tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn kọjá láìdúró. Mo fì í padà, ó tún gùn ún kọjá. Àwọn àpá wẹ́wẹ́ tí Baba sọ wà níbẹ̀, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún nǹkan ní ọ̀pọ̀ ibi. Mo wá gbé 1884-S. Irun rẹ̀ pé, ó lẹ́wà ju ti èkejì lọ lọ́nà púpọ̀, ìtànṣán sì ń bọ̀ láti etí, ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú imú obìnrin náà, ó rọ, orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sì gbà á rárá. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ iná kan náà, mo ń fì wọ́n papọ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí. N kò mọ bí mo ṣe lè ti máa wo owó láti ọdún yìí wá tí n kò rí i.

Àwọn ìlà ara 1879 náà yọ. Ìsàlẹ̀ òsì ni wọ́n wà, níwájú ọrùn, wọ́n sì dúró kí wọ́n tó kan ìràwọ̀, gẹ́gẹ́ bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe wí. Eyín ìyarun wà lẹ́rẹ̀kẹ́ 1881-S. Márùn-ún ni mo kà.

Baba, n kò ní yọ 1884-S kúrò nínú ike rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀karùn-ún tí n kò tíì fi ránṣẹ́ síbì kankan, 1883-O, tí mo ti kọ MS64 síwájú rẹ̀ nínú ìwé mi lóṣù tó kọjá. Ó dùn mí díẹ̀ láti wò ó, mo kúkú wò ó. Àyà idì rẹ̀ kò kún, ìyẹn kò sì bà mí lẹ́rù mọ́, torí ó ń dán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán. Ṣùgbọ́n àpá kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ náà tí mo rí láti ibi tí ọwọ́ mi nà dé, òmíràn sì wà níwájú ojú. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Àbẹ̀kẹ́ dáhùn pé:

Ìṣọ̀lá, nọ́ńbà wo lẹ fún un báyìí?

Ìṣọ̀lá kọ pé:

Mo fa ìlà sí MS64, mo sì kọ MS62 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Baba Olóǹtẹ̀ dáhùn pé:

Ní ipò 62, 1883-O kò ṣọ̀wọ́n débi tí owó ìdíwọ̀n yóò fi padà sọ́wọ́ rẹ, nítorí náà má ṣe fi ránṣẹ́. Fi í sínú ike tí kò ní PVC, kí o sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1891-O. Bí o bá fẹ́ ra Morgan mìíràn, kọ́kọ́ gbé méjèèjì yẹn jáde, kí o wò wọ́n lábẹ́ iná náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tó wo èyí tí wọ́n ń tà fún ọ.